Eré la fi ń kọ́ ọmọ ní sùúrù: ìtọ́sọ́nà fún ẹni tó ń tọ́ ọmọ ọdún kan sí mẹ́ta

Ọ̀pọ̀ ìgbà tí à ń sọ fún ọmọ ọdún méjì pé kó ṣe sùúrù, ẹkún ti gbà á lẹ́nu tán. Ìgbà yẹn gan-an ni kò lè gbọ́ ohun tí à ń sọ, áḿbọ̀ǹtórí pé kó kọ́ ọ. Kí ọmọ lè fi ọkàn sí nǹkan kan, kó lè bínú kó sì tún rọ̀, kó lè rò ó pé "bí mo bá fa aṣọ yìí, bọ́ọ̀lù orí rẹ̀ á tẹ̀ mí lọ́wọ́", inú eré ni gbogbo rẹ̀ ti ń wọ̀ ọ́ lára, nígbà tí ara tù ú, tó ń rẹ́rìn-ín. Èyí tó bá ti fi ṣeré dáadáa ni yóò rí lò díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ bá le.

Ẹni tí mo kọ èyí fún ni ẹni tí ọmọ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní tòótọ́: ìyá, bàbá, ìyá àgbà tí wọ́n fi ọmọ sílẹ̀ fún, àǹtí tó ń gbé nílé, olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi. Kò gba owó. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá níhìn-ín, márùn-ún lọ́hùn-ún, àti àgbà tó ṣe tán láti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó tó.

Ohun tí ọmọ lè ṣe, àti èyí tí kò tíì lè ṣe

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tí ọmọ dé, nítorí ìdajì wàhálà ilé ni pé à ń béèrè ohun tí kò sí lọ́wọ́ ọmọ.

Apá ọpọlọ tó wà lẹ́yìn egungun iwájú orí ni a fi ń dá ara wa dúró, tí a fi ń rántí ohun tí a fẹ́ ṣe, tí a sì fi ń yí ọ̀nà padà bí ọ̀rọ̀ bá yí. Ó wà lára àwọn apá tó ń pẹ́ gbó jù. Ó ń dàgbà lọ títí ẹ̀dá á fi lé ní ogún ọdún dáadáa. Ọmọ ọdún méjì tí kò lè dúró de oúnjẹ kì í ṣe olóríkunkun. Agbára ìdúró náà ni kò tíì pé lára rẹ̀.

Jean Piaget, onímọ̀ ìdàgbàsókè ọmọdé, ará Switzerland, fi eré kékeré kan hàn wá bí ó ṣe rí. Ẹ fi bọ́ọ̀lù pamọ́ sábẹ́ aṣọ kan lójú ọmọ oṣù mẹ́sàn-án, ẹ jẹ́ kó wá a rí, ẹ tún un ṣe bí ẹ̀ẹ̀mejì sí mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, lójú rẹ̀ náà, ẹ gbé e sábẹ́ aṣọ kejì. Abẹ́ aṣọ àkọ́kọ́ ni yóò tún lọ wá a sí. Bó bá ti lé ní ọdún kan, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á.

Philip Zelazo, onímọ̀ ìdàgbàsókè ọmọdé mìíràn, ní tirẹ̀ lo káàdì: ehoro àti ọkọ̀ ojú omi, òmíràn pupa, òmíràn búlúù. Wọ́n ní kí ọmọ ọdún mẹ́ta kó pupa sí ibì kan, búlúù sí ibòmíràn. Ó ṣe é. Wọ́n wá ní kó má wo àwọ̀ mọ́, kó kó ehoro sọ́tọ̀, ọkọ̀ sọ́tọ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ọdún mẹ́ta ló ṣì ń fi àwọ̀ kó o lọ. Bẹ́ẹ̀, bí ẹ bá bi wọ́n pé kí ni òfin tuntun náà, wọ́n á sọ ọ́ fún yín láìṣì. Ẹ rántí èyí nígbà tó bá tún ń ṣe yín bíi kí ẹ pariwo pé "Ṣebí mo ti sọ fún ẹ?" Ẹ ti sọ fún un lóòótọ́, ó sì gbọ́. Mímọ̀ ti dé, ṣíṣe ni kò tíì dé.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ pa tẹlifíṣọ̀n, ẹ dín nǹkan ìṣeré kù

Tẹlifíṣọ̀n tí ẹnikẹ́ni ò wò, tó kàn ń sọ̀rọ̀ ní pálọ̀, ni mo kà sí ọ̀tá eré ọmọdé tó ṣòroó rí jù. Ní 2008, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Massachusetts kó àádọ́ta ọmọ jọ, àwọn tó jẹ́ ọdún kan, méjì àti mẹ́ta. Wọ́n jẹ́ kí wọ́n ṣeré fún wákàtí kan. Fún ìdajì rẹ̀, tẹlifíṣọ̀n wà ní títàn, ètò àgbàlagbà ni wọ́n sì fi sí i. Àwọn ọmọ náà ò fi bẹ́ẹ̀ wò ó, wọ́n kàn ń gbójú sókè ṣáá ni. Síbẹ̀, eré wọn kúrú sí i, ọkàn wọn ò sì pẹ́ lórí ohun tí wọ́n ń ṣe. Nítorí náà, kí ẹ tó jókòó bá ọmọ ṣeré, ẹ pa á. Kí fóònù yín náà dojú bolẹ̀.

Ohun ìṣeré wá ńkọ́? Ní 2018, ní Yunifásítì Toledo, wọ́n fi ohun ìṣeré 16 síwájú ọmọ oṣù 18 sí 30 lọ́jọ́ kan, wọ́n fi mẹ́rin péré síwájú wọn lọ́jọ́ kejì. Ọjọ́ tó jẹ́ mẹ́rin ni wọ́n pẹ́ jù lórí ohun kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì fi í ṣe oríṣiríṣi. Inú mi máa ń dùn láti sọ èyí fún ẹni tó rò pé òun ń fi ìyà jẹ ọmọ nítorí kò rówó ra ọkọ̀ oníbátìrì.

Ẹ wá apẹ̀rẹ̀ kan. Ẹ kó nǹkan mẹ́rin tàbí márùn-ún sí i: agolo mílíìkì tí ẹnu rẹ̀ kò mú pẹ̀lú ìdérí rẹ̀, ìkòkò kékeré kan, ṣíbí onígi, ìborùn àtijọ́, ọmọláńgidi tàbí bèbí. Ẹ gbé ìyókù sókè. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ pààrọ̀ méjì. Èyí tó ti sú u tẹ́lẹ̀ á padà di tuntun lójú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ewu kò gba eré. Ohunkóhun tó bá lè gba inú páálí tó wà láàárín tíṣù kọjá lè há ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta lọ́fun: ọmọ ayò, ẹ̀pà, ìdérí ìgò, ẹyọ ìlẹ̀kẹ̀, bàlúùnù tó bẹ́. Bátìrì pẹlẹbẹ kékeré inú rìmóòtù àti nǹkan ìṣeré olórin ló burú jù, nítorí ó lè jó ọ̀nà ọ̀fun láàárín wákàtí díẹ̀. Bí ọmọ bá gbé e mì, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ má dúró pé á bá ìgbẹ́ jáde. Kí ẹ má sì fi ọmọ sílẹ̀ nídìí bọ́kẹ́ẹ̀tì omi, ì báà jẹ́ ìṣẹ́jú kan.

Fóònù àti tẹlifíṣọ̀n lápapọ̀: ìmọ̀ràn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2019 ni pé kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì má jókòó ti àwòrán ojú ẹ̀rọ rárá, kí ti ọmọ ọdún méjì sí mẹ́rin má sì ju wákàtí kan lọ lóòjọ́, bó bá sì dín jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sàn.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ wò ó ná

Àgbà tó fẹ́ bá ọmọ ṣeré sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìdánwò. "Kí lèyí? Àwọ̀ wo ni? Ka ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta fún Dádì." Ọmọ tó ti ń gbádùn ìdérí ìkòkò rẹ̀ á kàn gbé e jù sílẹ̀, á bá ti ẹ̀ lọ.

Ọ̀nà mìíràn wà. Ẹ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ dákẹ́ díẹ̀, ẹ wo ibi tí ojú rẹ̀ wà. Ṣé ó ń dé ìkòkò, tó tún ń ṣí i? Ẹ sọ ohun tí ó ń ṣe fún un ní gbólóhùn kúkúrú: "O ti dé e. Gbàm! O tún ṣí i." Lẹ́yìn náà, ẹ dákẹ́, kí òun náà lè fèsì, ì báà jẹ́ ẹ̀rín, ìró kan, tàbí kó na ìdérí náà sí yín. Tó bá nà án, ẹ gbà á, ẹ dé ìkòkò, ẹ dá a padà. Ó ju ọ̀rọ̀, ẹ gbè é. Ẹ jù ú padà, òun náà gbè é. Àwọn onímọ̀ ìdàgbàsókè ọmọdé ní Yunifásítì Harvard ka lílọ-bíbọ̀ yìí sí ohun tó ń so ọpọlọ ọmọ pọ̀. Ìyá àgbà yín tó ń bá ọmọ ọwọ́ sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá àgbà jíròrò ti ń ṣe é tipẹ́.

Kókó ibẹ̀ ni pé ìfọkànsí ọmọ máa ń gùn sí i níbi tí ọkàn rẹ̀ ti wà tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá fi ohun kan kún ohun tó ń ṣe, ó máa ń pẹ́ sí i lórí rẹ̀. Bí ẹ bá fà á lọ síbi tiyín, ó ń tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Nítorí náà, ẹ fi kún un díẹ̀: ẹ sọ ṣíbí sínú ìkòkò náà, ẹ dé e, ẹ mì ín. "Kí ló ń dún nínú ibẹ̀ yẹn?"

Bí ọmọ bá sì jókòó jẹ́ẹ́, tó ń bu iyẹ̀pẹ̀ sínú agolo tó ń dà á jáde, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ má pè é kó wá kí àlejò. Kò sí ẹ̀kọ́ ìfọkànsí tó ju ìyẹn lọ, ọ̀fẹ́ sì ni. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ dá a dúró torí ìwẹ̀ tàbí oúnjẹ, ẹ kìlọ̀ fún un ṣáájú: "Da ẹ̀ẹ̀mejì sí i, ká lọ wẹ̀."

Ìgbésẹ̀ kẹta: eré ìdúró

Ibí ni ọkàn mi wà jù, nítorí ibí ni àṣà wa ti lọ́rọ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú bojúbojú. Fún ọmọ ọdún kan, ẹ fi ìborùn bo ojú ara yín, ẹ dákẹ́ díẹ̀, ẹ ṣí i. Ìdákẹ́jẹ́ kékeré yẹn ni ẹ̀kọ́ náà: ọmọ ń di ojú yín mú lọ́kàn nígbà tí kò rí i, ó sì ń dúró. Bí oṣù ti ń gorí oṣù, ẹ jẹ́ kí ìdákẹ́jẹ́ náà gùn díẹ̀ sí i. Nígbà tó bá tó ọdún méjì, òun náà á fẹ́ fara pamọ́. Ẹ̀yìn kọ́tìnì kan náà ni yóò máa sá sí, ìdí rẹ̀ á wà níta, á sì máa rẹ́rìn-ín kèé. Ẹ má tọ́ ọ sọ́nà. Ẹ máa wá a lábẹ́ àga, lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kí ẹ máa béèrè sókè pé níbo ló wà. Dídákẹ́ níbi ìfarapamọ́ nígbà tí ẹ̀rín ń gbọ̀n ọ́ ni iṣẹ́ tó le jù tí ọmọ ọdún méjì lè fún ara rẹ̀ ṣe, ó sì ń ṣe é tinútinú. Bó bá súnmọ́ ọdún mẹ́ta, òun ni kó di ojú, kó má ṣí i títí wọ́n á fi ní kó ṣí. Á yọjú wò. Kò burú, gbogbo wa la yọjú.

Lẹ́yìn ìyẹn, ìlù. Ẹ dojú agolo tàbí ike dé, ẹ máa lù ú. Ìlù ń dún, ẹ jó. Ìlù dákẹ́, gbogbo ara dúró gbagidi. Ẹ jẹ́ kí ijó gùn, kí ìdúró kúrú ní ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó bá ti mọ̀ ọ́n, ẹ fi kún un: ìlù pẹ̀lẹ́, ìrìn pẹ̀lẹ́, ìlù kíákíá, ẹsẹ̀ kíákíá. Ọmọ tó lè fa ẹsẹ̀ rẹ̀ padà nítorí ìlù yí padà láti kíákíá sí pẹ̀lẹ́ ti ń kó ara rẹ̀ níjàánu, kò sì sẹ́ni tó pariwo mọ́ ọn. Tó bá ti ń lọ sí ọdún mẹ́rin, ẹ lè yí i po, kí ìlù líle túmọ̀ sí ìrìn jẹ́jẹ́. Kí ó tó dìgbà náà, ẹ rántí àwọn káàdì Zelazo, ẹ má fi yọ ọ́ lẹ́nu.

Ẹ gbé ipò ìlù fún un pẹ̀lú. Kí òun máa lù, kí ẹ̀yin máa dúró. Ọmọ tí wọ́n ń pàṣẹ fún látàárọ̀ dalẹ́ ní ẹ̀tọ́ láti pàṣẹ fún bàbá rẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún.

Eré bọ́ọ̀lù náà rọrùn: ẹ jókòó, ẹ la ẹsẹ̀, ẹ yí bọ́ọ̀lù lọ yí i bọ̀. "Tèmi. Ó tún kàn ẹ́." Bí ẹ̀gbọ́n bá wà, ẹ fi kún wọn, kó di pé ọmọ ń dúró de ẹni méjì.

Ọ̀rọ̀ ìdúró ni Walter Mischel, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, ṣèwádìí rẹ̀ ní Yunifásítì Stanford láti ìparí àwọn ọdún 1960. Ó gbé ohun dídùn síwájú ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi, ó ní bó bá dúró títí àgbà á fi padà wọlé, èyí tó pọ̀ jù ú lọ ni yóò gbà. Àwọn òbí ti ń fi irú rẹ̀ dán ọmọ ọdún méjì wò lórí fóònù báyìí kí ayé lè rí wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ má dán an wò. Ohun tó wúlò nínú iṣẹ́ náà ni bí àwọn tó dúró ṣe dúró: wọn ò tẹjú mọ́ ọn. Wọ́n bojú, wọ́n kọrin, wọ́n kẹ̀yìn sí i, wọ́n ń fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ṣeré. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá ń dúró de kí ọbẹ̀ tutù, ẹ má ní kí ọmọ jókòó kó máa wo abọ́. Ẹ kọrin, ẹ pàtẹ́wọ́, ẹ wá ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ tó sọnù.

Ìwádìí kan tún wà ní Yunifásítì Rochester ní 2013 tí mo gbà pé ó yẹ kí gbogbo òbí mọ̀. Àgbà kan ṣèlérí fún ọmọ ọdún mẹ́ta sí márùn-ún pé òun ń lọ mú nǹkan ìyàwòrán tó dáa jù wá. Fún àwọn kan, ó mú un wá. Fún àwọn yòókù, ó padà lọ́wọ́ òfo. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n wá fi ohun dídùn dán wọn wò. Àwọn tí wọ́n mú ìlérí ṣẹ fún dúró tó bíi ìṣẹ́jú 12 ní ìpíndọ́gba. Àwọn tí wọ́n já kulẹ̀, bíi ìṣẹ́jú mẹ́ta péré. Àbí kí ni wọn ì bá dúró ṣe?

Ẹ wá wo ilé wa. "Jókòó, mò ń bọ̀ wá fún ẹ ní bísíkíìtì," kò sì sí bísíkíìtì kankan. Ìyá tó ń lọ síbi iṣẹ́ ní kí ọmọ lọ wo ológbò lẹ́yìnkùlé, ó sì yọ́ jáde. Ó rọrùn láàárọ̀ yẹn. Àmọ́ láti ọjọ́ kejì, ọmọ ò ní jẹ́ kí ìyá kúrò lójú rẹ̀ mọ́, ì báà jẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló ń lọ. Ẹ kí ọmọ pé ó dàbọ̀. Ẹ sọ ìgbà tí ẹ máa dé lọ́nà tó lè yé e: "Tí o bá ti sùn, tí o jí, tí o jẹun, Màmá ti dé." Á ké. Ẹ lọ, kí ẹ sì dé bí ẹ ṣe wí.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: nígbà tí ọmọ bá fara ya

Kí ẹ tó ro ohunkóhun, ẹ bi ara yín: ṣé ebi ni, ṣé oorun ni, ṣé ooru ni? Ọmọ ọdún kan sí méjì nílò oorun wákàtí 11 sí 14 lóòjọ́, ọmọ ọdún mẹ́ta nílò 10 sí 13, tòun ti oorun ọ̀sán, gẹ́gẹ́ bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti wí. Eré kan ò lè dípò oorun.

Bí ó bá ti dùbúlẹ̀ tó ń ké, tó ń ta ẹsẹ̀, ẹ ṣe é báyìí. Ẹ kó ohun tó lè ṣe é léṣe kúrò. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ojú yín àti tirẹ̀ ṣe déédéé. Ẹ sọ̀rọ̀ díẹ̀, lóhùn ìsàlẹ̀: "Inú ń bí ẹ. O fẹ́ fóònù yẹn, mo sì ní rárá." Ẹ má wàásù. Bó bá jẹ́ ọmọ tó fẹ́ kí wọ́n gbé òun, ẹ gbé e, ẹ pọ̀n ọ́n, ẹ kì í. Oríkì ń ṣiṣẹ́ níbi tí àlàyé ò ti lè ṣiṣẹ́, nítorí ohùn tó mọ̀ ni, ó ń lọ ní ìlọ kan náà lójoojúmọ́, orúkọ rẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ ọmọ tí kò fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan òun, ẹ jókòó sí tòsí, ẹ dákẹ́. Rárá náà ṣì jẹ́ rárá. Ẹ má torí ẹkún gbé fóònù náà fún un.

Wọ́n á ní kí ẹ nà án. Ẹgba lè dá ariwo dúró, mi ò jiyàn. Àmọ́ ọmọ tí wọ́n nà nítorí ó bínú kọ́ pé ẹni tó bá bínú lè nani, èyí tó sì kù síbẹ̀ ni bí wọ́n ṣe ń rọ̀ láti inú ìbínú. "Ọkùnrin kì í ké" náà, ẹ bá mi gbé e jù sílẹ̀. Bákan náà ni "màá pe ọlọ́pàá" àti "màá fi ẹ́ fún eégún".

Lẹ́yìn tí ìjì bá ti rọ̀, tàbí lọ́jọ́ kejì, ni iṣẹ́ gan-an bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbé ọmọláńgidi. Ọmọláńgidi ń ké: wọ́n gba ṣíbí lọ́wọ́ rẹ̀. "Kí la máa ṣe fún un?" Ọmọ tó fara ya lánàá á gbé e mọ́ra, á máa gbá a lẹ́yìn pẹ́pẹ́, á sọ ohun tí ẹ sọ fún òun gan-an, pẹ̀lú ohùn yín. Ẹ ó gbọ́ ara yín níbẹ̀, ó lè má dùn mọ́ yín.

Ẹ fún ìmọ̀lára ní orúkọ nínú eré, níwájú dígí: ẹ lejú, ẹ bú sẹ́rìn-ín, ẹ ya ẹnu. Ẹ má dúró lórí "inú ẹ dùn" àti "inú ń bí ẹ" nìkan. Ẹ̀rù ń bà ẹ́, ojú ń tì ẹ́, ó dùn ẹ́, ó sú ẹ, o ò fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn án, àárò Dádì ń sọ ẹ́. Ọmọ tó bá ní ọ̀rọ̀ fún ohun tó ń ṣe é kò ní nílò láti bu ẹnikẹ́ni jẹ tó bẹ́ẹ̀.

Eré kan tó máa ń wọ̀ wọ́n lọ́kàn rèé. Ẹ gbé ife òfìfo síwájú rẹ̀, ẹ ní ẹ̀kọ gbígbóná ló wà níbẹ̀. "Yéè, ó gbóná! Fẹ́ ẹ." Ẹ fà èémí, ẹ fẹ́ ẹ jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó gùn. Ẹ tọ́ ọ wò, ó ṣì gbóná, ẹ tún un fẹ́. Ẹ ṣe é nígbà ẹ̀rín, lójoojúmọ́ bó bá wù ú. Èémí tó ń jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ń mú kí ọkàn tó ń lù kìkì rọlẹ̀. Lọ́jọ́ tí inú bá ń bí i, tí kò tíì dé òkè téńté, ẹ kàn na ife sí i: "Ẹ̀kọ yìí gbóná o." Kì í ṣiṣẹ́ nígbà gbogbo. Bí ẹ bá fi kọ́ ọ láàárín ẹkún fún ìgbà àkọ́kọ́, ife náà á fò.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: eré tó ń la ọpọlọ

Ilé ìdáná lọ́rọ̀ jù lọ. Ìdérí wo ló bá ìkòkò wo mu? Ṣíbí ńlá sọ́tọ̀, ṣíbí kékeré sọ́tọ̀. Níbi aṣọ fífọ̀, kó wá ìkejì ìbọ̀sẹ̀. Omi láti inú ife ńlá sí kékeré: kí ló dé tó fi ń dà sílẹ̀? Ọmọdé kì í mọ ẹ̀kọ jẹ kó má ra á lọ́wọ́, ẹ tẹ́ ràbá sílẹ̀ ṣáájú.

Bí nǹkan bá há mọ́ ọn lọ́wọ́, ẹ dákẹ́ díẹ̀ kí ẹ tó ràn án lọ́wọ́. Tó bá ti fẹ́ sú u, ẹ ṣe ìwọ̀nba: ẹ yí ìdérí náà díẹ̀, kí ìyókù jẹ́ tirẹ̀.

Iṣẹ́ rírán jẹ́ eré ìrántí. Ní nǹkan bí ọdún kan àbọ̀: "Mú bàtà Dádì wá." Ní nǹkan bí ọdún méjì àbọ̀: "Mú ṣíbí, kí o sì gbé e fún Ìyá Àgbà." Ẹ jẹ́ kó yá díẹ̀, kí iṣẹ́ náà dà bí ìrìn àjò, kí wọ́n kí i káàbọ̀ bí ìránṣẹ́ ọba.

Láti bí ọdún méjì lọ, ọjà títà. Ewé ni ẹ̀fọ́, iyẹ̀pẹ̀ ni gàrí, òkúta ńlá ni iṣu. "Èló ni?" "Ẹ dín in kù." Lev Vygotsky, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, ará Rọ́ṣíà tó kú ní 1934, kọ ọ́ pé nínú eré báyìí ni ọmọ ti ń fi ìfẹ́ ọkàn rẹ̀ sílẹ̀ láti tẹ̀lé òfin, nítorí pé òfin náà gan-an ló mú eré dùn. Ẹ wò ó: ọmọ tí kò lè fi bísíkíìtì sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan á jókòó ti igbá ọjà rẹ̀, kò ní jẹ nínú rẹ̀, nítorí ó di ìyálọ́jà. Ẹ má gba ọjà náà mọ́ ọn lọ́wọ́. Bó bá ní ọ̀pọ̀lọ́ ni òun ń tà, ẹ ra ọ̀pọ̀lọ́.

Àlọ́ ni mo fi parí èyí. Ẹ jẹ́ kó kúrú: ìjàpá, ohun kan tó fẹ́, ohun tó ṣẹlẹ̀, orin kan tí ègbè rẹ̀ ò ju ọ̀rọ̀ méjì lọ. Ọmọ ní láti fetí sílẹ̀, kó rántí ègbè, kó dúró títí ó fi kàn án, kó gbè é. Wọ́n á ní kí ẹ tún un pa, ọ̀kan náà, lálẹ́ mẹ́wàá. Ẹ tún un pa. Nígbà tí wọ́n bá ti mọ̀ ọ́n, ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣì í: ẹ ní ìjàpá fò lọ. Ariwo "Rárá o!" tó máa tẹ̀lé e, ìrònú ni.

Ibi tí àyè ò gbà, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun

Ẹni tó ń tajà látàárọ̀, tàbí tó há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ pẹ̀lú ọmọ lẹ́sẹ̀, ò lè tẹ́ ẹní. Nínú danfó, ẹ wá ọkọ̀ pupa. Ní ṣọ́ọ̀bù, kó máa to agolo tí ẹnikẹ́ni ò ní rà. Nígbà ìwẹ̀, ẹ bu omi sẹ́sẹ̀ ọ̀tún, ẹ dúró, kó sọ èyí tó kàn. Ẹ kàn rántí pé ara ọmọ gbọ́dọ̀ lọ: wákàtí mẹ́ta, ó kéré tán, ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ọmọ ọdún kan sí mẹ́rin máa fi rìn, sáré, jó, gun nǹkan, ní gbogbo ọjọ́. Ọmọ tí kò tíì sáré kò ní lè jókòó jẹ́ẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London tàbí Houston, ẹ fi Yorùbá ṣe gbogbo eré yìí. Èdè méjì kì í da ọpọlọ ọmọ rú. Bí Ìyá Àgbà bá wà ní Abẹ́òkúta, ìpè onífídíò orí fóònù kò sí lára ohun tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé Amẹ́ríkà kọ̀ fún ọmọ kékeré, nítorí ẹni tó ń dáhùn ló wà níbẹ̀. Àmọ́ ẹ jókòó tì í: kí Ìyá Àgbà bojú lọ́hùn-ún, kí ẹ̀yin bojú níhìn-ín.

Nígbà tó bá yẹ kí ẹ rí dókítà

Ọmọ yàtọ̀ síra, mo mọ̀. Síbẹ̀, ẹ má gba "bàbá ẹ náà pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀" gbọ́ láìṣe àyẹ̀wò. Ẹ lọ bí ọmọ kò bá dáhùn sí orúkọ rẹ̀ ní ọdún kan. Bí kò bá nawọ́ sí nǹkan láti fi hàn yín ní oṣù 18. Bí kò bá lè so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀ ní ọdún méjì, bíi "fún mi" tàbí "Dádì lọ". Bí ọmọ bá sì pàdánù ohun tó ti mọ̀ ṣe tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ tàbí ìrìn tàbí ẹ̀rín, ọjọ́ orí yòówù kó jẹ́, ẹ má dúró rárá.

Ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ lọ; wọ́n lè darí yín sí ẹ̀ka ìtọ́jú ọmọdé ní ilé ìwòsàn ńlá, bíi UCH n'Íbàdàn tàbí LUTH n'Ídí-Àràbà. Ẹ ní kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò ṣáájú, nítorí ọmọ tí kò gbọ́ràn dáadáa máa ń jọ ọmọ tí kò fọkàn sí nǹkan. Ẹ mú káàdì àjẹsára rẹ̀ dání, àti fídíò kékeré kan níbi tó ti ń ṣeré nílé, torí ọ̀pọ̀ ọmọ ni kì í ṣe ohunkóhun níwájú dókítà.